Ta ló ṣáná nínú ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ lórí títún àwọn ọkọ̀ ológun àtijọ́ ṣe, èyí tí wọ́n ní kí àwọn tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ mẹkáníìkì máa lò. Mo kí wọn fún làálàá náà, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àmọ́ nígbà tí mo débi "ẹ̀rọ aṣáná" tí wọ́n ní kó dúró fún ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ta ló ṣáná níbẹ̀?

Kò sí ẹni tí kò mọ ìṣáná nínú wa. Ohun kan á ha ohun kan, iná á ta. Iná títa yẹn ni iṣẹ́ plọ́ọ̀gì, ohun kékeré tí iná mànàmáná ń ta lẹ́nu rẹ̀, inú ẹ̀ńjìnnì pẹtiróòlù ló sì ń gbé. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀ńjìnnì, ń kọ́kọ́ fà wọlé. Á wá fún un mọ́ òkè sìlíńdà, ihò tí písítìnì ń gbé, títí tí ohun tó kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á fi kù bí ìdá kan nínú 16, ti ẹlòmíràn á tó ìdá kan nínú 20. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún tó báyẹn á gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà yẹn ni nọ́súlù, ẹnu tóóró tí epo ń gbà wọlé, á tú epo sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, epo kò sì ní dúró de ẹni tó máa ṣáná kó tó gbiná. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ tán.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé òun ti rí plọ́ọ̀gì nínú dísẹ́ẹ̀lì rí. Òótọ́ ni, àwọn kan ní plọ́ọ̀gì tó ń pọ́n bí ẹyín iná ní àárọ̀ òtútù. Ó ń mú inú sìlíńdà gbóná ni, kò ta iná kankan, bí ẹ̀ńjìnnì bá sì ti gba iṣẹ́ tán, ó di ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ńlá ni kò tiẹ̀ ní in rárá. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa ní Augsburg lọ́dún 1897, ohun tó ń lé kiri gan-an ni pé kí ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ tó láti mú epo gbiná. Tí a bá wá fi ṣá sí i lórúkọ, a ti bu ọkùnrin yẹn kù, a sì ti ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà.

Ẹni tó fèsì láti Ìlọrin ní kí a kúkú pè é ní "adáná". Ó kọ ọ́ láìfàmì sí i: adana. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn? Ṣé dáná ni, tàbí dána, tí ìyàwó ti fẹ́ délé? Àbí dánà ni? Lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru, ẹ pariwo adánà kí ẹ wo bí dẹ́rẹ́bà ṣe máa yí ọkọ̀ padà. Ẹni tí kò lè fàmì sórí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, kó má tíì fún ọkọ̀ lórúkọ.

"Agbiná" ni ti ẹnìkẹta. Èyí tilẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí epo ń gbiná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ agbiná, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló gbiná! Ẹ pe àwọn panápaná.

Fún ni mo fara mọ́, fún tí a fi ń fún aṣọ tí a fọ̀. Ẹ̀rọ afúnnáyọ: ó fún un títí iná fi yọ. Wọ́n ti fèsì sí èyí ná, wọ́n ní n méjì kì í tẹ̀lé ara wọn, pé àkọtọ́ 1974 ti pa ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ tì. Irú àkọtọ́ wo nìyẹn? N àkọ́kọ́, ó ń ran u lọ́wọ́ láti gba imú jáde ni; n kejì ni ti iná. Báwo ni ẹ ṣe ń kọ "ìfúnni" nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín? Àgbà ọdẹ kan láàárín wa ní kì ló dára jù, pé bí a ṣe ń ki ìbọn ni písítìnì ń ki afẹ́fẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá. Ṣùgbọ́n ìbọn tí a kì, a ṣì ní láti yìn ín, ohun tó ń yìn ín náà sì ń ta iná. A tún ti padà sídìí ìṣáná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi wa ọkọ̀ fún àwọn sọ́jà nígbà ogun abẹ́lé, nígbà tó sì fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, títún ọkọ̀ ṣe ni iṣẹ́ tó ń ṣe, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti mọ bí sípánà ṣe ń rí. Bí epo bá gbẹ nínú táǹkì tí wọ́n sì tún bu òmíràn sí i, ọkọ̀ kò ní jí. Àbúrò bàbá mi ò ní sọ púpọ̀. "Éà ti wọ̀ ọ́," wọ́n á sì ní kí n yọ éà, ìyẹn afẹ́fẹ́. Wọ́n á ní kí n tú nọ́ọ̀tì kékeré orí fílítà, kí n máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ńjìnnì, títí tí epo tó ń hó bí ọṣẹ yóò fi máa ṣàn geere láìhó mọ́. Kí n tó dì í pa. Lẹ́yìn náà, ti ara pọ́ǹpù ńlá, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì ẹnu nọ́súlù kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn máa sítáàtì í. Nínú àkójọ ẹ̀gbọ́n, "ìlé-afẹ́fẹ́-kúrò-nínú-ọ̀pá-epo" ni iṣẹ́ yìí ń jẹ́. Kí ọ̀gá tó pè é tán, bátìrì méjèèjì ti kú.

Àwọn tó ṣáájú wa kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ báyìí. Etí ni wọ́n fi gbọ́ alùpùpù kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n rí ọkọ̀ tó rọra ń yọ́ lọ, wọ́n ní ayọ́kẹ́lẹ́, wọn ò sì dá a lábàá láti pe lọ́rì Bedford bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun kan tó ń yọ́ nínú Bedford.

Ọ̀rọ̀ Bedford náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú wọn pé dísẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ọkọ̀ ológun àtijọ́. Ó tì o. Bedford RL tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò láàárín ọdún 1950 sí 1960, pẹtiróòlù ló ń mu. Ọkọ̀ ológun M35 ti Amẹ́ríkà sì wà tí wọ́n fi ẹ̀ńjìnnì ajẹ-tibí-jẹ-tọ̀hún sí lẹ́yìn náà: dísẹ́ẹ̀lì, kẹrosíìnì, àní pẹtiróòlù pàápàá bí ọ̀ràn bá le. Pẹtiróòlù ló wà níbẹ̀ yẹn, síbẹ̀ fífún náà ló fi ń gbiná, kò sí plọ́ọ̀gì. Kí ni aṣáná fẹ́ ṣe sí èyí?

"Ọkọ̀ akógun" tí wọ́n fi pe ọkọ̀ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí n fo ìyẹn. Akógun ń bẹ láyé, olóyè ni, kó lọ gba ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan tún ti bú mi nítorí mo kọ "mu epo" lẹ́ẹ̀kan, ó ní jẹ ni Yorùbá ń lò, pé ọkọ̀ ń jẹ epo. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí wọ́n bá ní ẹ̀ńjìnnì ń jẹ nǹkan, ọ́ìlì ló ń jẹ, àìsàn sì ni: èéfín á máa jáde bí aró, ríǹgì ara písítìnì ti jẹ tán. Epo inú táǹkì, mímu ni. Bí ti ìlú rẹ bá yàtọ̀, má fi bú tèmi.

Ẹ̀gbọ́n, aṣáná kò burú ní ọ̀rọ̀. Ẹ gbé e fún ẹ̀ńjìnnì pẹtiróòlù, ó yẹ ẹ́ dáadáa. Kí ìwé náà tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ mú ojú ewé dísẹ́ẹ̀lì yẹn lọ ka fún àwọn tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ní Òwódé lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí wa, títí kan èyí tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín.