Ọkọ̀ agbépo Hess tí mo bá nílé oníbàárà mi

Iṣẹ́ epo ni mò ń ṣe ní New Jersey níbí. Bí òtútù bá ti dé, táńkà ni mo máa ń wà káàkiri, tí mo máa ń já epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná fún àwọn oníbàárà. Ìyá àgbà kan wà lára wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo já epo wọn tán, wọ́n ní kí n wọlé wá wo ohun tí ọkọ àwọn tó ti lọ fi sílẹ̀. Ọkọ̀ ìṣeré ni, táńkà oníke tó ń jẹ́ orúkọ Hess, iléeṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà, èyí tí iléeṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1964. Páálí rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó ṣe nǹkan yìí mọ iṣẹ́ wa. Táńkà gidi kan, irú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jẹ́ Mack B-61, ni wọ́n wò ṣe é. Iná rẹ̀ ń tàn níwájú àti lẹ́yìn. Àrọ kékeré wà tí wọ́n fi ń rọ omi sínú táǹkì rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà tí omi náà ń gbà jáde. Màmá gbé omi wá, mo rọ ọ́ sí i, mo fa rọ́bà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà! Ike tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì jò níbì kankan. Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, àfi pé tèmi wúwo.

Iléeṣẹ́ Marx tó ń ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé ló bá Hess ṣe é. Dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 29 ni wọ́n tà á nílé epo wọn nígbà ọdún Kérésìmesì. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyẹn. Ìpolówó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìpolówó rẹ́ ọmọ tálákà jẹ. Bàbá tó wá ra epo sọ́kọ̀ lè mú ohun tó dára lọ bá ọmọ rẹ̀ nílé.

Ó sì yẹ kó jẹ́ táńkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí ọkọ̀ epo kan ṣoṣo ni gbogbo ọrọ̀ Hess ti wá. Ní 1933, òwò epo bàbá Leon Hess, ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ gbèsè. Ọmọ ọdún 19 ni Leon nígbà náà. Ọkọ̀ àlòkù tó ń gba gálọ́ọ̀nù 615 ló fi ń gbé epo kiri ní ìlú Asbury Park, ní New Jersey níbí. Epo dúdú tó ki, èyí tó máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá fọ epo rọ̀bì tán, ló gbájú mọ́. Àwọn iléeṣẹ́ iná mànàmáná àti òtẹ́ẹ̀lì ńlá ló ń rà á. Ó di 1960 kó tó ṣí ilé epo àkọ́kọ́.

Màmá ní ẹnì kan ti ń fowó lọ àwọn. Mo ní kí wọ́n má kánjú, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tí irú rẹ̀ ń lọ, pàápàá èyí tí páálí àti àrọ rẹ̀ pé. Mo bá wọn yọ bátìrì inú rẹ̀, torí omi bátìrì máa ń jẹ irin tó ń gbé iná. Mo gbọn omi táǹkì dà nù, mo nù ún gbẹ.

Hess ta àwọn ilé epo rẹ̀ ní 2014, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ìṣeré náà báyìí. Ọkọ̀ ìṣeré wọn ti 1966, ọkọ̀ ojú omi agbépo Voyager, ni mò ń wá. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ bó ṣe rí.