Ìkọ́kọrẹ́ mi ń tú, epo sì ti dà sí ilẹ̀ àti búbá funfun

Ìyàwó tuntun, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin màmá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fẹ́ ọkọ sí. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa títí di Ojúde Ọba, ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́ jẹ. Bí mo bá sè é, ewùrà á tú sínú ọbẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wá ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ọwọ́ tún máa ń yún mi. Epo pupa wá dà sí ilẹ̀ térásò ilé ìdáná lónìí, ó ta sára búbá funfun tí ọkọ mi fẹ́ wọ̀. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ọmọ mi, ṣé ewùrà gan-an lò ń rà? Isu mìíràn ò lè ṣe é. Bí o bá dé Òkè-Ajé, ní kí wọ́n fún ọ ní èyí tó gbó dáadáa. Má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ o, torí wàá bu omi sí i kó tó lọ̀, omi yẹn ló ń tú u. Ojú wẹ́wẹ́ irin tí a fi ń rin ilá ni kí o fi rin ín, kí o sì fi iyọ̀ díẹ̀ pò ó. Jẹ́ kí ata, epo, edé, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ hó gidigidi lórí iná ná, kí o tó máa fọwọ́ bu ewùrà sí i ní ìṣù kéékèèké. Dé e, dín iná kù. Má rò ó! Tó bá tó bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, tí ìṣù náà ti le, kí o wá fi ọmọrogùn rọra tẹ̀ ẹ́, kí kókó ṣì wà níbẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní kókó, a ò kà á sí.

Ìyá Ṣadé, Ìpẹ̀rù:
Fi epo pa ọwọ́ kí o tó bẹ ewùrà, kò ní yún ọ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwa Rẹ́mọ náà ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ o! Bí Ojúde Ọba ti jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá, sè é ní alẹ́ ọjọ́ kejì, kí o gbé e sí fíríìjì. Ìkọ́kọrẹ́ àná tó ti tutù, pẹ̀lú ẹ̀bà gbígbóná, ìyá ọkọ rẹ á súre fún ọ.

Alágbàfọ̀, Ṣágámù:
Ẹ má tíì jẹ́ kí omi kan búbá yẹn. Ẹ da ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́ sójú àbàwọ́n náà ní gbígbẹ, ẹ fi ìka pa á wọnú aṣọ, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́tìn, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Àwọ̀ tó bá ṣẹ́ kù, oòrùn ló ń pa á, ẹ sá a ní tútù. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án kí àbàwọ́n tó tán, á lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Ìyàwó tuntun:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Kọ́tìn ni. Ilẹ̀ ńkọ́? Aládùúgbò wa ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ó tì o! Òkúta mábù ló sábà máa ń wà nínú térásò, ohun kíkan á jẹ ojú rẹ̀, kò ní dán mọ́. Da gààrí lé epo náà kó fà á, gbá a kúrò, kí o fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o nù ún gbẹ kí màmá má bàa yọ̀. Bí o bá sì fẹ́ fi Hypo kún un lẹ́yìn náà, ṣí fèrèsé, má sì pò ó mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá láéláé. Èéfín àwọn méjèèjì lè pa èèyàn.