Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ wọṣẹ́ sójà nílẹ̀ òkèèrè, ibo ni kí n gbà?

Ayédùn_Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Mo gba HND nínú iṣẹ́ iná mànàmáná, iṣẹ́ sólà ni mo sì fi ń jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, wọn ò pè mí. Láti kékeré ni ọkàn mi ti wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tá a pàdé lórí WhatsApp ní òun á bá mi wá iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Rọ́ṣíà. Ó ní kí n san 850,000 náírà fún físà àti tíkẹ́ẹ̀tì, pé owó oṣù ọdún kan péré á tó mi kọ́lé, wọn á sì fún mi ní pásípọ́ọ̀tì wọn. Màmá mi ti fẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró ná kí n bi yín. Orílẹ̀-èdè wo ló ń gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ wọn síṣẹ́ sójà lóòótọ́? Èwo lẹ máa ní kí n tọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Ìjẹ̀bú:
Àbúrò mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí màmá ta ilẹ̀ yẹn.

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ. Wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí ni yóò máa ṣọ́. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n kó aṣọ ológun fún un ló tó mọ ohun tó fọwọ́ sí. Ó pè wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ àwọn níbọn, pé àwọn ń lọ síwájú lọ́jọ́ kejì. Oṣù kẹrin rèé, a ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ẹni tó mú un lọ náà ò lọ mọ́.

Kì í ṣe ilé wa nìkan. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ọmọ South Africa 17 ké gbàjarè láti Donbas, ojú ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine, pé kí ìjọba wọn wá yọ àwọn, Ààrẹ Ramaphosa sì ní kí wọ́n wádìí bí wọ́n ṣe débẹ̀. Lóṣù kan náà ni mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Ukraine, Andrii Sybiha, sọ pé ọmọ Áfíríkà tó lé ní 1,400, láti orílẹ̀-èdè 36, ni àwọn mọ̀ pé wọ́n ń jà fún Rọ́ṣíà. Pásípọ́ọ̀tì tí ọkùnrin yẹn ń sọ, kò parọ́ o. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Putin fọwọ́ sí i pé àlejò tó bá tọwọ́ bọ ìwé ológun fún ọdún kan lè di ọmọ onílùú. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wọ ọmọ wa létí nìyẹn.

Ẹni tó bá ní àbúrò obìnrin, kó tún kìlọ̀ fún un. Ní ọgbà iléeṣẹ́ Alabuga, ní Tatarstan ní Rọ́ṣíà, wọ́n ń polówó iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọbìnrin Áfíríkà ọdún 18 sí 22. Àwọn tó lọ bá ara wọn nídìí títo dírónì ogun.

Ẹ̀gbọ́n_Catterick:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbóhùn rẹ̀.

Ayédùn, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí. Pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ni mo fi wọ iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì lo ọdún mẹ́sàn-án kí n tó fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni màá ní kí o kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ṣì wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti lè kọ orúkọ sílẹ̀ láìjí ọ̀nà gbà.

Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tá a jẹ́ ló fà á. Tẹ́lẹ̀, àfi kéèyàn ti gbé ní Ìlú Ọba fún ọdún márùn-ún. Lóṣù kọkànlá 2018 ni wọ́n yọ ìyẹn kúrò, torí àwọn ọmọ tiwọn tó ń wọṣẹ́ ò tó mọ́. Wọ́n ní àwọn á máa gba tó 1,350 lọ́dún láti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ti orí ilẹ̀, orí omi àti òfuurufú lápapọ̀. Fíjì, Gánà, Kẹ́ńyà, Jàmáíkà, gbogbo wa la jọ ń du àyè yẹn, nítorí náà o lè bá a pé iṣẹ́ tí o fẹ́ ti kún. Orí ìkànnì àwọn ológun fúnra wọn ni kí o ti wò ó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kí o sanwó fọ́ọ̀mù, olè ni.

Ọjọ́ orí rẹ ṣì gbà á, ọdún 35 àti oṣù mẹ́fà ni òpin fún sójà. Iṣẹ́ iná tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí ni kí o gbé síwájú. Ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní REME, àwọn ló ń tún ọkọ̀, ìbọn àti ẹ̀rọ ṣe. Royal Engineers náà ń lo oníṣẹ́ iná. Tí o bá jáde lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi wọ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ jà, ìgbà tí mo jáde ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Má wọ ọkọ̀ òfuurufú títí wọ́n á fi kọ̀wé pè ọ́. Mo mọ ọmọ Gánà kan tó fi físà àbẹ̀wò wá jókòó ti ìbátan rẹ̀ ní Peckham, ó rò pé tí òun bá wà nítòsí, wọ́n á tètè dá òun lóhùn. Físà rẹ̀ tán, ó padà sílé, kò sí ohun tó fi ju ẹni tó wà ní Kumasi lọ. Tí wọ́n bá sì pè ọ́ wá ṣe ìdánwò, owó ọkọ̀ rẹ lọ máa ná. Tí o bá já, tìrẹ náà ni owó àtipadà. Ẹni tó bá máa yá owó yẹn ní èlé, kó tún un rò.

Catterick, ní Yorkshire, ni wọ́n ti kọ́ mi. Oṣù kejì ọdún ni mo débẹ̀, ọwọ́ mi ò lè so okùn bàtà fún òtútù. Èyí rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Níwọ̀n ìgbà tí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òǹtẹ̀ kan wà nínú pásípọ́ọ̀tì rẹ tó sọ pé òfin ìwọ̀lú ò dè ọ́. Ọjọ́ tí o bá bọ́ aṣọ ológun, òǹtẹ̀ yẹn ti dópin. Ọjọ́ 28 ni wọ́n á fún ọ láti gba ìwé mìíràn tàbí kí o lọ. Ẹni tó bá ti sìn fún ọdún mẹ́rin lè tọrọ ìwé ìgbé-ìlú, ṣùgbọ́n £2,389 ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ọmọ Fíjì mẹ́jọ tó ti jagun fún wọn gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2020. Wọn ò jàre ní kóòtù, àmọ́ ariwo náà kò kú. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n yọ owó náà kúrò fún ẹni tó bá sìn tó ọdún mẹ́fà. Ti ìyàwó àti ọmọ ò sí nínú rẹ̀.

Ọdún méjì àbọ̀ ni ìyàwó mi fi wà ní Ìlá kí owó oṣù mi tó tó iye tí òfin ní kó jẹ́ kí n tó lè mú un wá. Ọmọ wa àkọ́kọ́ ń pè mí ní "bùọ̀dá inú fóònù". Tí o bá ní ẹni tí o fẹ́ fẹ́, bá a sọ èyí kó yé e kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìyá_Ìbejì_Texas:
Kí n sọ ti Amẹ́ríkà, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí. Ẹni tí kò ní gíríìn káàdì kò lè wọ iṣẹ́ ológun ibí. Ẹ́ḿbásì wọn kì í gba sójà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ti lọ́tìrì físà náà, wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò láti ti ọdún 2015.

Èmi ọkọ ló mú mi wá. Mo ti ní gíríìn káàdì kí n tó lọ bá wọn. Mo ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ASVAB, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kọ́ mi ní Fort Jackson, South Carolina. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé wọn kì í gba owó lọ́wọ́ sójà tó bá fẹ́ di ọmọ onílùú, wọn kì í sì í ní kó dúró fún ọdún márùn-ún bí àwọn tó kù. Àṣẹ tí Bush fọwọ́ sí ní 2002 ló ṣí ọ̀nà yẹn, ó sì kan ẹni tó bá sìn láti September 11, 2001. Àmọ́ kì í ṣe pé ó ń já bọ́ sọ́wọ́ ẹni o. Ìwọ lo máa kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀gá rẹ á fọwọ́ sí i, o máa lé e. Àwọn kan sìn, wọn ò bìkítà, nígbà tí wọ́n wá ṣẹ̀ sófin lẹ́yìn tí wọ́n jáde, wọ́n lé wọn padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti wá.

Kí ìwé ọmọ onílùú tó jáde, o ò lè jẹ́ ọ̀gá ológun, iṣẹ́ tó bá sì jẹ mọ́ àṣírí, wọn ò ní gbé e fún ọ.

Ẹ lè gbọ́ pé èdè Yorùbá lásán ló mú àwọn kan wọlé. Òótọ́ ni, ètò kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ MAVNI, tó ń gba ẹni tí kò ní gíríìn káàdì síṣẹ́ ológun, Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá sì wà lára èdè tí wọ́n ń wá. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ fi wọ̀ ọ́. Ọdún 2016 ni wọ́n dá a dúró, àwọn tó ti tọwọ́ bọ̀wé sì wà lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún bíi mélòó kan, físà ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ta MAVNI fún yín lónìí ń ta òkú ẹran.

Ọmọ_Sákété:
Ẹ kú ilé o. Sákété ni mo ti wá, lápá Kùtọnú, ilẹ̀ Faransé ni mo sì ti sìn, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Légion étrangère. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1831 fún àlejò. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, ọdún 17 àbọ̀ sí 39 àbọ̀, láti orílẹ̀-èdè yòówù. O ò ní láti gbọ́ Faransé, wọ́n á kọ́ ọ.

Ohun tó ṣòro ni pé àfi kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn débẹ̀, sí Fort de Nogent ní Paris tàbí Aubagne lẹ́bàá Marseille. Wọn kì í fún èèyàn ní físà, wọn kì í san owó ọkọ̀. Tí wọ́n bá já ọ, ojú títì ni o máa padà sí. Mo rí ọmọ Áfíríkà mẹ́ta tí wọ́n já lọ́jọ́ kan náà ní Aubagne, ìkankan nínú wọn ò ní owó oúnjẹ alẹ́.

Tí wọ́n bá gbà ọ́, ọdún márùn-ún ni àdéhùn àkọ́kọ́. Àpọ́n ni wọ́n á kọ ọ́ sí, ìbáà ṣe pé ìyàwó wà nílé. Castelnaudary ni wọ́n ti kọ́ wa, oṣù kìn-ín-ní nínú oko kan tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pè ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán mi lọ Guyane, ilẹ̀ Faransé ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nínú igbó. Ẹni tó bá ti sìn ọdún mẹ́ta lè tọrọ ìwé Faransé, ẹni tó bá sì fara gbọgbẹ́ lójú ogun, òfin ọdún 1999 ní ó lè gbà á nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀. Mo gbà á ní tèmi, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní iṣẹ́ ọwọ́, tó ní ìyá kan ṣoṣo nílé, ti Ẹ̀gbọ́n Catterick ni kó tẹ̀ lé.

Bàbá_Ọ̀wọ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń kà á bọ̀ láti òkè. Bàbá mi wà lára àwọn tó lọ ogun Bọ́mà. Ìtòsí wa níbí, ní Emùré-Ilé, ni Isaac Fadoyebo ti wá. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun òyìnbó. Ọ̀tá yìnbọn fọ́ itan rẹ̀ lẹ́bàá odò Kaladan lóṣù kẹta 1944, òun àti ọmọ Sàró kan sì fara pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ará abúlé ló ń bọ́ wọn. Nílé, wọn ò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè.

Ìdí tí mo fi rántí rẹ̀ nìyí: ológun tó bá jẹ́ ológun tòótọ́ á bi ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ta ni kí àwọn pè tí nǹkan bá ṣe ọ́, yóò kọ orúkọ ìyá rẹ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. Bi ọkùnrin WhatsApp yẹn pé ibo nínú ìwé rẹ̀ ni orúkọ màmá wà. Ní 2022 náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ́ḿbásì Ukraine ní Àbújá láti lọ jà, ìjọba wa sọ pé àwọn ò ní gba kí ọmọ Nàìjíríà ṣe ogun agbowó-jà.

O ò sì bi ara rẹ nípa iléeṣẹ́ ológun tiwa mọ́? Bí HND rẹ bá gba upper credit, o lè tọrọ Direct Short Service, ọ̀nà tí ẹni tó ti kàwé fi ń di ọ̀gá ológun. Ìyẹn yàtọ̀ sí fọ́ọ̀mù tí o gbà tẹ́lẹ̀.

Ayédùn_Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá mi létí, wọ́n sunkún nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ò ní tà mọ́. Upper credit ni mo ní, mi ò mọ̀ pé ó wúlò bẹ́ẹ̀. Màá tọrọ èyí, màá sì kọ orúkọ sí ti Ìlú Ọba náà.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbà mí sí ọsíbítù nígbà kan torí ikọ́ fée, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ṣé kí n sọ fún wọn?

Ẹ̀gbọ́n_Catterick:
Sọ ọ́. Wọ́n lè dá ọ dúró, wọ́n sì lè gbà ọ́, ọwọ́ ìgbà tó ṣe ọ́ kẹ́yìn ló wà. Ohun tí o bá fi pamọ́ tí wọ́n wá rí lẹ́yìn ni wọ́n fi ń lé èèyàn. Lọ gba ìwé ìtọ́jú rẹ lọ́wọ́ ọsíbítù lọ́sẹ̀ yìí, torí yóò pẹ́ kí wọ́n tó wá a rí. Bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kìlómítà 2 láàárọ̀, kí o máa kọ àsìkò rẹ sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjẹ̀bú:
Ayédùn, má pa nọ́ńbà ọkùnrin yẹn rẹ́. Ya fọ́tò gbogbo ohun tó kọ sí ọ, kí o pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń kó èèyàn tà, 627 ni wọ́n ń tẹ̀. Jọ̀ọ́, fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí èmi náà ní kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi wé ti ẹni tó mú ọmọ wa lọ.

Ayédùn_Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo ti fi ránṣẹ́ sí yín, Àǹtí. Fọ́tò rẹ̀ náà wà níbẹ̀.