Ṣé yúníọ̀nù lè mú ọ̀gá wa kọ́ wa níṣẹ́ lórí maṣíìnì tuntun?

ỌmọṢómólú: Ẹ kúulé o. Àwa méje là ń ṣiṣẹ́ ní prẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣómólú, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra maṣíìnì DI, èyí tó ń gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé tààrà látinú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń lò ó, Kord, maṣíìnì ìtẹ̀wé àtijọ́, lọwọ́ wa mọ́, tí bébà bá wá bàjẹ́ báyìí wọ́n á yọ ọ́ lára owó oṣù wa. Ẹnì kan ní ká wọ yúníọ̀nù, pé wọ́n máa ń jà fún tréníìnì. Ṣóòótọ́ ni àbí owó wa ni wọ́n fẹ́ gbà?

Bọ̀dáLébọ̀: Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin méje ò lè dá tiyín sílẹ̀, òfin ní ó kéré tán 50 òṣìṣẹ́, àmọ́ ẹ lè wọ èyí tó ti wà nílẹ̀, ọ̀gá ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ lé yín. Ní kọ́ńpìnnì ńlá wọ́n máa ń kọ tréníìnì sínú àdéhùn, ibi èèyàn méje ṣá, ta ló fẹ́ wá jókòó ti ọ̀gá yín? ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, ni kẹ́ ẹ dì mú. Látìgbà tí wọ́n ti tún òfin ẹ̀ ṣe ní 2011, ẹni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 5 sókè gbọ́dọ̀ san 1% gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún wọn, tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ó lè gbà tó ìdajì owó yẹn padà.

MàmáPrẹ́ẹ̀sì: Ọ̀gá lèmi o. Ọmọ téèyàn bá kọ́ tán, ẹni tó wà lódìkejì títì á fi owó díẹ̀ lé tiẹ̀, ó ti lọ nìyẹn! Ìwé tí ITF náà máa ní kó o kó wá ńkọ́, èmi tí ò ní akáńtáǹtì. Ẹgbẹ́ àwa ọ̀gá ló tiẹ̀ ń gbìyànjú, a dáwó, a pe ẹni tó ń ta maṣíìnì pé kó wá kọ́ wọn, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá.

ỌmọṢómólú: Mà, ẹgbẹ́ ṣe irú ẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ̀gá rán lọ, kò sì fọwọ́ kan maṣíìnì rí 😂

Bọ̀dáLébọ̀: Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu yúníọ̀nù ti wúlò: ta ló máa lọ. Owó bébà yẹn ńkọ́? Kò lè ṣàdédé yọ ọ́ o, àfi kí òṣìṣẹ́ lébọ̀ ìjọba kọ́kọ́ kọ̀wé fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tréníìnì àti ti owó bébà sílẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin méjèèje sáìn ín, kẹ́ ẹ tó lọ bá ọ̀gá yín.