Ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́, ṣé kí n ṣì lọ gba dìgírì?

OmoEro:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún méje rèé tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan, mi ò lọ yunifásítì, ọ̀gá kan ló kọ́ mi níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ bàjẹ́, etí mi ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Bèárìn (irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú ẹ̀) tó bá ti kù díẹ̀ kó kú, ó ní bó ṣe máa ń ké wíì-wíì, màá kàn fi ẹnu sikudiráfà kan ara mọ́tò, màá gbé etí lé ìdí ẹ̀, màá sì mọ èyí tó ń dà wá láàmú.

Wọ́n wá ní àwọn ń wá súpáfáísọ̀. Mo kọ lẹ́tà. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò tiẹ̀ pè mí fún intafiú? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni wọ́n gbé e fún, èmi náà ni wọ́n tún ní kí n máa mú un káàkiri kó lè mọ ibi tí nǹkan wà. Ọmọ náà ò níwà burúkú o, kò sí ìjà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tó dé ó bi mí pé kí ló dé tá a fi máa ń fọwọ́ yí ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ̀rọ, ká tó tan iná sí i. Mo kàn ń wò ó ni.

Ṣé kí n lọ fi ọdún mẹ́rin gba bébà yìí ni àbí kí n jókòó síbi tí mo wà? Èwo ló wúlò jù gan-an?

Owolomo:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọdún mẹ́rin ṣòfò jàre. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò Wright tó fi ọkọ̀ òfuurufú fò ní 1903, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń tún ṣe, kò sí ìkankan nínú wọn tó wọ yunifásítì. Faraday, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìwé dídì, òun ló rí i ní 1831 bí èèyàn ṣe lè fi mágínẹ́ẹ̀tì mú iná mànàmáná jáde, ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń lò títí dòní nìyẹn. Bill Gates tó dá Microsoft sílẹ̀ náà fi yunifásítì Harvard sílẹ̀ láì parí. Kí la tún ń sọ?

IyaEnjinia:
@Owolomo rọra o. Gates tó o dárúkọ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ prógíráàmù, nígbà tó fi máa kúrò ní Harvard iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Faraday náà, ọ̀dọ̀ Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ló ti kọ́ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ohun tó rí yẹn sì rèé, Maxwell, onímọ̀ físíìsì tó lọ yunifásítì Cambridge, ló wá fi ìṣirò là á yé ayé.

Èmi kàwé ẹnjiníà, màá sì sọ òótọ́ ara mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n tú pọ́ǹpù, mo mọ gbogbo ìṣirò omi tó ń gba inú ẹ̀ kọjá, mi ò mọ̀ pé nọ́ọ̀tì kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún lèèyàn máa yí i sí kó tó tú. Bí mo ṣe rò pé mò ń tú u ni mò ń dè é, títí etí nọ́ọ̀tì fi bó. Ọmọ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló bá mi yọ ọ́, kò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni fíúsì mọ́tò kan wà tó máa ń jó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ti ń pààrọ̀ ẹ̀ bí ọdún mẹ́ta, ọwọ́ wọn yá débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ dúró, ẹnì kan tiẹ̀ ti fi èyí tó nípọn jù síbẹ̀ kó má bàa jó mọ́ (ẹ má dán an wò o, ilé lè jó). Mo wọn iná tó ń wọlé lórí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan kéré sí méjì yòókù, àwọn méjì yẹn ló wá ń bá a ru ẹrù ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti so wáyà yẹn ló ti dẹ̀ tó sì ti jóná díẹ̀díẹ̀. Odidi ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló ń jó o.

NoosiOru:
Ẹni tó bá fẹ́ la inú mi kó kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀ hàn mí, kó tó máa ka iye èèyàn tó ti là. Mo ti sọ tèmi 😂

AkaSiifii:
Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka sífíì àwọn tó ń wáṣẹ́. Tí ìwé rẹpẹtẹ bá dé fún àyè kan ṣoṣo, dìgírì la kọ́kọ́ fi ń ge wọ́n kù, kì í ṣe torí pé ó dáa jù, torí pé ó yá ni. Lóòótọ́ IBM àti Google ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìpolówó yàtọ̀ sí kí wọ́n gba ẹni tí kò ní i.

OmoEro, kí lẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn gan-an? Tó bá jẹ́ "mo ní ìrírí ọdún méje", gbogbo èèyàn ló ń kọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè gbọ́ wíì-wíì yín lórí bébà. Ẹ kọ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ jí dìde, wákàtí mélòó ló fi ń dúró tẹ́lẹ̀, mélòó ló kù báyìí.

AwonWakati:
Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn kan ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí pátá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ òfuurufú èrò ńlá gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500, ṣùgbọ́n tó bá ní dìgírì lórí iṣẹ́ yẹn láti iléèwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ó lè bẹ̀rẹ̀ bí igbákejì awakọ̀ pẹ̀lú wákàtí 1,000. Dìgírì wá di wákàtí 500 nìyẹn, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ di òdo. Fún físà H-1B wọn náà, èyí tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, ọdún iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí ọdún yunifásítì kan. Ẹ̀gbọ́n, tiyín ti pé ọdún méjì àti díẹ̀ lójú tiwọn o!

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá iléèwé kan lè ka iṣẹ́ yín mọ́ ọn. Ní Faransé òfin ti wà látọdún 2002 tó fi jẹ́ pé èèyàn lè fi ìrírí nìkan gba sátífíkéètì, wọ́n á jókòó yẹ ohun tó o ti ṣe wò.

OmoEro:
Ẹ ṣé gan-an. AkaSiifii, "ìrírí ọdún méje" ni mo kọ lóòótọ́, ojú ń tì mí báyìí. Màá béèrè èyí tí AwonWakati sọ, èyí tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ni mo fẹ́, mi ò lè fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ nìyí: nígbà tí ọmọ yẹn bi mí ní ti ṣáàfù, mo ní "bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn". Lánàá ló wá sọ pé gírísì tá a ń rọ́ sínú bèárìn yẹn ti pọ̀ jù, pé òun gan-an ló ń mú un gbóná tó fi ń tètè kú. Mo bá a jiyàn débi pé àwọn èèyàn ń wò wá. A ti wọn gírísì sí ọ̀kan, a rọ́ ọ sí èkejì bí mo ṣe máa ń ṣe é, a fẹ́ wò ó fún oṣù kan. Màá wá sọ fún yín.

Owolomo:
Oṣù kan ni mo fún un. Ẹ̀yìn yín ni mo wà ẹ̀gbọ́n 😄