Mo ra táǹkì ẹja àlòkù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kó ẹja sí i

Bàbá Àdùkẹ́
Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aládùúgbò wa kan tó ń kó kúrò ní Ìbàdàn ló ta táǹkì gíláàsì rẹ̀ fún mi. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 45. Fílítà àti òkúta wẹ́wẹ́ bá a wá. Ó ti tó ọdún kan tí omi ti wọ inú rẹ̀ kẹ́yìn, ẹfun omi sì ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹja odò tí a ó máa wò ni mo fẹ́ sìn, kì í ṣe ti ọbẹ̀. Omi kànga là ń lò, iná kì í sì dúró. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹja wo ni kí n rà? Ojoojúmọ́ ni Àdùkẹ́ ń bi mí pé ìgbà wo ni ẹja máa dé.

Àgbà Ọlọ́sìn
Àbúrò, má tíì gbé e wọ pálọ̀. Tẹ́ pákó síbi tó tẹ́jú níta, gbé táǹkì lé e, pọn omi kún un, kí o fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Máa fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo ojú oríkèé rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ibi tí tíṣù bá ti tutù, ibẹ̀ ló ti ń jò. Sílíkóònù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó lẹ gíláàsì pọ̀, tó bá ti gbẹ fún ọdún kan, ó lè máa ṣí. Tó bá ń ṣí, fi abẹ fá ti inú kúrò pátápátá, nítorí tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ dáadáa. Èyí tí wọn ò po oògùn ìdènà bíbu mọ́ ni kí o rà.

Ro ti ìwọ̀n rẹ̀ náà. 90 lọ́nà 45 lọ́nà 45, tí a bá fi 1,000 pín in, ó lé ní lítà 182. Kílò kan ni lítà omi kan. Tí o bá ti fi gíláàsì àti òkúta kún un, ó ti ju àpò símẹ́ǹtì mẹ́rin lọ. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé e. Wẹ́dà ni kó ṣe ẹsẹ̀ onírin fún ọ.

Àǹtí Olómi
Ẹ má fi ọṣẹ kàn án rárá. Ẹ rẹ tíṣù sínú fínígà funfun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹfun wà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi kànìnkànìn tuntun fọ̀ ọ́, kí ẹ wá ṣan án dáadáa. Ẹ bi aládùúgbò yín bóyá ó lo oògùn tó ní bàbà nínú rí. Edé àti ìgbín kì í fara da bàbà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú kó ẹja sí i. Ọjọ́ tí mo pọnmi sí tèmi náà ni mo kó goldfish mẹ́fà sí i. Omi mọ́ gaara. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn gbá jọ sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, ibi tí wọ́n fi ń mí pọ́n bí ata. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò ku ẹyọ kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Amóníà tó ń jáde lára wọn ló pa wọ́n. Kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ amóníà di nítíráìtì, májèlé lòun náà. Òmíràn ń sọ nítíráìtì di nítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Inú fóòmù fílítà ni wọ́n pọ̀ sí jù, wọ́n sì máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbilẹ̀. Ẹ tan fílítà, kí ẹ máa wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ láìsí ẹja níbẹ̀, kó lè jẹrà di amóníà tí àwọn kòkòrò náà á máa jẹ. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Ìgbà tí amóníà àti nítíráìtì bá jọ di òdo, tí nítíréètì sì ti yọjú, ni kí ẹja wọlé. Tí ẹ bá mọ ẹni tí táǹkì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tọrọ fóòmù àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má gbẹ lọ́nà. Ìyẹn á dín ọjọ́ kù gan-an.

Bàbá Àdùkẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Tí iná bá wá lọ fún wákàtí mẹ́wàá ńkọ́?

Àǹtí Olómi
Fílítà onífóòmù tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ní bátìrì. Kí ẹja má pọ̀, kí ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ nígbà tí kò sí iná. Omi kànga ò ní chlorine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pò mọ́ omi ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i mọ́jú kí ẹ tó lò ó. Ẹ má gbé táǹkì sójú oòrùn, ewédò á bò ó.

Àgbà Ọlọ́sìn
Ní ti ẹja, epìyà àti àrọ̀ á tóbi ju táǹkì yẹn lọ. Kribensis ni mo fẹ́ràn, takọtabo kan. Àwọn odò gúúsù Nàìjíríà níbí àti etíkun Kamẹrúùnù ni wọ́n ti wá, omi wa bá wọn lára mu. Da àpáàdì ìkòkò bolẹ̀ fún wọn, kí o ṣí ẹnu ọ̀nà díẹ̀ sílẹ̀. Tí abo bá fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí osùn, abẹ́ àpáàdì yẹn ni á sì yé sí. Tọkọtaya ló ń da àwọn ọmọ kiri. Jẹ́ kí Àdùkẹ́ rí ìyẹn.

Bàbá Àdùkẹ́
Mo pọnmi kún un lọ́jọ́ Sátidé. Igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún mú tíṣù tutù. Mo ti ń fá sílíkóònù rẹ̀. Àdùkẹ́ ti bá mi wá àpáàdì, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì sá a sórí fèrèsé.