Ìlà tó wà lójú íńfátà mi: ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ìyá Onífírísà, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ nípa sólà. Ẹja dídì ni mò ń tà. Bátìrì olómi méjì, 12V 220Ah, ni wọ́n so pọ̀ di 24V fún mi. Nírọ̀lẹ́, ìlà máàrún ló ń yọ lójú íńfátà, pé ó kún. Bí fírísà bá gbéra báyìí, ìlà á di méjì. Bó bá sinmi, ìlà á tún gòkè. Tó bá wá di òru, íńfátà á ké, á sì pa ara rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ra bátìrì mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, owó kékeré kọ́.

Wáyà Pupa, Ìbàdàn
Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Volt nìkan, ìyẹn agbára tó ń ti iná, ni ìlà yẹn ń wò. Bí fírísà bá ń fa iná, volt á wálẹ̀; bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àfi kí ẹ pa gbogbo ohun tó ń fa iná, kí bátìrì sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí volt tó sọ òótọ́. Nígbà náà, tiyín á wà ní bíi 25.4 tó bá kún, bíi 24.4 tó bá ku ìdajì. Ẹ má jẹ́ kó máa kọjá ìdajì lálaalẹ́, ohun tó ń pa bátìrì olómi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pa fírísà ẹja fún wákàtí mẹ́ta? Mítà oníshunt ni kí ẹ rà; shunt ni irin kékeré tí iná bátìrì ń gbà kọjá kí mítà lè kà á. Ó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde, bí ẹ ṣe ń ka owó ọjà. Bó bá ti ní 110Ah ti jáde, ìyẹn ìdajì 220Ah tí bátìrì yín ń gbà, ẹ pa ohun tí kò pọn dandan. Kí wọ́n tẹ 220 sínú rẹ̀, kó sì jẹ́ ọjọ́ tí bátìrì kún dẹ́nu ni wọ́n á jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Sólà Ẹ̀pẹ́
Òótọ́ ni. Kí gbogbo wáyà dúdú, ti íńfátà àti ti sólà, gba ara shunt kọjá o. Èyí tó bá lọ tààrà sí bátìrì, mítà ò ní rí i.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ti bátìrì lithium tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Volt rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí tó fi kù díẹ̀ kó tán.

Ìyá Onífírísà
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀kan nínú bátìrì náà ló ń ṣàìsàn ńkọ́?

Wáyà Pupa
Ẹ pe ẹni tó ní hydrometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí omi ásíìdì inú bátìrì ṣe ki tó; àwọn tó ń sájì bátìrì ọkọ̀ máa ń ní in. Kó wọn ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára bátìrì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kún. Bíi 1.24 sí 1.26 ló yẹ kí wọ́n wà, gbogbo wọn á sì sún mọ́ra. Bí ihò kan bá ṣubú sí 1.18 nígbà tí àwọn yòókù wà lókè, bátìrì yẹn ni. Kó wọ ìbọ̀wọ́ o, ásíìdì ni.